Ìgbà Ìwọ́wé Kẹta Nínú Ẹrọ̀fọ̀ Elzéar Hudon

Rolande Hudon ti gbá èèkàn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin wọ inú ẹrọ̀fọ̀ kí Fernand Chamberland tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí Odò láti wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ Rolande ti bó. Ẹrọ̀fọ̀ dé orúnkún rẹ̀. Gisèle, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti di opó, ló ń bá a di èèkàn mú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹ́ja ńlá," ni Fernand wí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sápò. "Rolande, mo gbọ́ pé ẹja méje lo rí pa lọ́dún tó kọjá. Ṣé o sọ wọ́n lórúkọ?"

"Mo sọ wọ́n lórúkọ," ni Rolande dá a lóhùn. Kò dá òòlù dúró. "Èyí tó tinrín jù tí kò wúlò fún nǹkan kan, mo pè é ní Fernand."

Gisèle rẹ́rìn-ín débi pé èèkàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fernand náà rẹ́rìn-ín. Ó lè rẹ́rìn-ín. Ọgbà ẹja tirẹ̀ wà ní ìhà ìlà-oòrùn, ó ń kún lọ́dọọdún, ó sì mọ̀ pé tó bá fi máa di ọjọ́ Àwọn Ẹni Mímọ́ nínú oṣù kọkànlá, ibi tí Rolande dúró sí yẹn á ti di tòun.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Anse-Bérard, abúlé wa, nìyí. Nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù nínú oṣù kẹsàn-án, àwọn ẹja gígùn tó rí bí ejò máa ń kúrò nínú àwọn adágún òkè, wọ́n á gba inú Odò lọ sí òkun, wọn kì í sì í padà. Ẹja-ejò la ń pè wọ́n. Ẹ̀bá ilẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà. Omi òkun máa ń ti Odò kún, ó sì máa ń fà, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Tí omi bá fà, tí ẹrọ̀fọ̀ ṣí sílẹ̀ lọ jìnnà réré, àá gbin èèkàn sí i lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àá ta àwọ̀n mọ́ ọn láti etí ilẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹja á bá ọgbà náà pàdé, á máa tẹ̀ lé e lọ títí á fi bọ́ sínú ìgèrè ńlá onípákó tó wà lópin rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí Odò tó dì, àá hú gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò bá hú u, yìnyín á bá a hú u, kò sì ní rí èèkàn kan gbé lọ sílé.

Nítorí náà kò sí ohun tí à ń wò nínú ẹrọ̀fọ̀ tá a fi ń mọ ibi tiwa. Orí ilẹ̀ la ń wò. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní nǹkan méjì tó máa ń tò léra: òrùlé abà lórí igi kan, tàbí ẹnu òkè lórí ilé kan. Tí méjèèjì bá tò léra gan-an lójú ẹni tó dúró sínú ẹrọ̀fọ̀, ibẹ̀ ni. Ti ìdílé Hudon ni ṣóńṣó ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì lórí àpáta tó là sí méjì létí omi. Elzéar Hudon, bàbá Rolande, ti fi ìka hàn án nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ó ní, "Agogo lórí àlàfo àpáta. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ òmíràn fún ẹ."

Òfin wa sì rọrùn. Ibi tí ìdílé kan fi sílẹ̀ láìgbìn, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án, ì báà jẹ́ ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbìn ín ní ìgbà ìwọ́wé mẹ́ta tẹ̀ léra, tí kò sì rí àgbá ẹja kan kún nínú èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, aládùúgbò tó sún mọ́ ọn jù á gbà á. Elzéar gbìn kẹ́yìn ní ọdún 1951, ó sì kú nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin rẹ̀ kò fẹ́ ẹja, igbó ni ó lọ, ó ń gé igi. Rolande lọ sí Montréal lọ rán ṣẹ́ẹ̀tì ní ilé iṣẹ́, ó rán ṣẹ́ẹ̀tì fún ogún ọdún ó dín kan. Nígbà tó padà wálé, ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ nínú gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni ibi ẹja náà. Ó gbìn ín. Ẹja mọ́kànlá ló rí lọ́dún kìn-ín-ní. Lọ́dún kejì, méje. Ọdún 1973 yìí ni ìkẹta.

Tó bá jẹ́ pé ó jókòó sílé ni, kò sẹ́ni tí ì bá gba ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láyé. Gisèle ti sọ ìyẹn fún un léraléra.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó gbé búrẹ́dì kan lọ́wọ́, ó lọ kí Àǹtí Philomène, àbúrò bàbá rẹ̀, ní ilé àwọn arúgbó tí àwọn sístà ń bójú tó. Àǹtí ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò ṣàìsàn.

Ó bu búrẹ́dì náà jẹ, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀.

"Ta ló yan búrẹ́dì yìí?"

"Èmi ni, Àǹtí. Ààrò ìta wa ni mo lò."

"O tètè kó o wọlé. Iná ààrò ò tíì rọlẹ̀. Wo ìdí ẹ̀, ó ti jó. Aago mélòó lo kó o sí i?"

"Aago mẹ́ta."

"Aago!" Àǹtí ṣe bí ẹni fẹ́ tutọ́. "Ta ló ń wo aago? Ní oṣù kẹsàn-án, tí òjìji ilé agogo bá ti kan ẹnu ààrò, la máa ń kó búrẹ́dì wọlé. Ìyá mi ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, búrẹ́dì wa ò jó rí."

Rolande rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, òjìji ilé agogo kì í kan ẹnu ààrò wa. Inú ọgbà kábéèjì àwọn Lévesque ló ń bọ́ sí, lọ́hùn-ún lẹ́yìn ilé wa."

"Ta ni ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi tí mò ń gbé ibẹ̀."

"Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ ńkọ́? Ọmọdé yìí, mo fi ogójì ọdún wo òjìji yẹn. Ẹnu ààrò ló ń kàn. Ṣé orí mi ló dàrú ni, àbí tìẹ?"

Orí ta ló dàrú? Rolande dìde. Ó wo ojú fèrèsé. Láti ibẹ̀, a lè rí ṣọ́ọ̀ṣì lókè: gígùn, funfun, ilé agogo rẹ̀ lápá ojú títì.

"Àǹtí," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ò tíì jó, ibo ni ilé agogo rẹ̀ wà?"

"Apá itẹ́ òkú. Níbo ni ì bá tún wà? Fadá tó tún un kọ́ ló gbé e lọ sápá títì. Ó ní kí àwọn onímọ́tò máa rí i. Gbogbo ayé ló mọ̀."

Òótọ́ ni, gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì jó ní 1953, a tún un kọ́ láàárín ọdún méjì, gbogbo wa ló gbé pákó. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbìn lọ́dọọdún kò nílò ilé agogo, ẹsẹ̀ wọn ti mọ ibi tiwọn. Ìdílé Hudon nìkan ló fi agogo ṣe àmì, Elzéar sì ti kú kí ṣọ́ọ̀ṣì tó jó. Rolande wà ní Montréal nídìí máṣíìnì nígbà náà. Lẹ́tà ni wọ́n fi sọ fún un pé ṣọ́ọ̀ṣì jó. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sí lẹ́tà pé agogo ti ṣí láti òpin kan sí òpin kejì.

Ọdún méjì gbáko ló ti fi agogo tuntun sórí àpáta àtijọ́.

"Jókòó, jẹ́ kí n rí ẹni bá sọ̀rọ̀," ni Àǹtí wí.

Ṣùgbọ́n Rolande ti wọ kóòtù rẹ̀ tán. Ó fi ẹnu ko Àǹtí lórí, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Fadá Morneau wà ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó ń ro ilẹ̀ pòtétò, nígbà tí Rolande dé pẹ̀lú ọ̀pá páínì gígùn kan tó so bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun mọ́ lórí. Ọdọ́mọkùnrin ni Fadá, kò tíì pé ọdún kan lọ́dọ̀ wa, nǹkan wa ṣì máa ń yà á lẹ́nu.

"Fadá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá dúró láàárín àwọn sàréè, kẹ́ ẹ sì gbé èyí sókè."

"Fún ìdí wo?"

"Nítorí ẹja."

Fadá wo bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ó wo Rolande. "Ṣé kì í ṣe ohun tí bíṣọ́ọ̀bù máa gbọ́?"

"Bíṣọ́ọ̀bù kì í jẹ ẹja ni?"

Wọ́n jọ wá ìpìlẹ̀ ilé agogo àtijọ́. Wọ́n rí i kíá: òkúta onígun mẹ́rin tí koríko bò, sàréè àwọn Chamberland sì jókòó sórí igun kan rẹ̀. Fadá ṣe àmì àgbélébùú, ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ìyá Fernand tó sùn síbẹ̀, ó sì na ọ̀pá sókè. Atẹ́gùn gba aṣọ náà, ó fẹ̀ bí ìgbòkun.

Omi ti fà. Rolande sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ẹrọ̀fọ̀. Ó dúró nídìí èèkàn rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Aṣọ funfun náà kò sí lórí àpáta rárá, ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn síhà ìlà-oòrùn, ó ń fa bàtà rọ́bà rẹ̀ yọ, ó ń kà. Ogún ìṣísẹ̀. Ogójì. Ọgọ́ta. Bó ṣe ń lọ ni aṣọ náà ń sún mọ́ àpáta. Ní ìṣísẹ̀ kẹtàlélọ́gọ́rin, ó bọ́ sínú àlàfo rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó dúró.

Àwọn èèyàn ti jáde sí ẹnu ọ̀nà wọn. Fadá tó gbé bẹ́ẹ̀dìṣíìtì sókè láàárín òkú lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ta ni kò ní wò ó? Fernand náà ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti òkèèrè.

"Rolande! Aṣọ funfun! Ṣé o ti gbà fún mi ni?"

Lẹ́yìn náà ló wá rí ibi tó dúró sí, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀.

"Ibẹ̀ kì í ṣe tìẹ."

"Ta ló ni ín?"

"Kò sẹ́ni tó ni ín."

"Kí ló wá ń bí ẹ nínú?"

Láti ọdún méjì, ọkùnrin yìí ò tíì bínú sí i rí, ẹ̀rín ló ń fi í rín. Rolande wo ojú rẹ̀ tó pọ́n, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ibi tí òun dúró sí tọ́. Àwọn ẹja tó ń gba ibí kọjá, ọgbà Fernand ni wọ́n ń bá pàdé láti ogún ọdún.

Wọ́n pe Gérald Lizotte, ọ̀gá ẹgbẹ́ apẹja. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni Gérald. Ó fi okùn wọn àárín ibẹ̀ sí ọgbà Fernand, torí ọgbà méjì kò gbọdọ̀ sún mọ́ra jù, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì nítorí ariwo Fernand, ó ká okùn rẹ̀.

"Ó jìnnà tó," ó wí. "Ó lè gbìn ín. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, Rolande. Ọdún kẹta lo wà. Ibi tí o bá gbìn sí la máa fi ṣèdájọ́. O ò ní wá sọ fún mi lọ́dún tó ń bọ̀ pé tuntun lo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

"Mo gbọ́."

"Tó o bá fi èyí tó o ti gbìn sílẹ̀ níbi tó wà, bóyá á bá ẹ rí díẹ̀. Tó o bá hú u tó ò sì parí èyí kí omi ńlá tó dé, o ò ní rí ẹyọ kan."

"Mo ní mo gbọ́, Gérald."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí omi ńlá ìparí oṣù tó dé, omi tó máa ń gbé ẹja-ejò wálẹ̀. Rolande àti Gisèle bẹ̀rẹ̀ sí í hú èèkàn. Ẹrọ̀fọ̀ kì í fẹ́ dá èèkàn padà. Wọ́n ń mì í, wọ́n ń fà á, wọ́n ń ṣubú sẹ́yìn. Wọ́n kó o sórí pákó fífẹ̀, wọ́n wọ́ ọ lọ síwájú ní ìṣísẹ̀ mẹ́tàlélọ́gọ́rin, wọ́n tún gbá a wọlẹ̀. Omi ń lé wọn jáde, omi ń fà, wọ́n ń padà. Ìrọ̀lẹ́, wọ́n jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà.

"Ọkọ mi sá fún iṣẹ́ yìí lọ sínú igbó," ni Gisèle wí lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀ bí ẹni jókòó sórí àga. "Mo bú u nígbà yẹn. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Màá bẹ̀ ẹ́ tí mo bá dé ọ̀run."

"Dìde, kó o lè bẹ̀ ẹ́ ní ìdúró."

"Rolande, tó bá jẹ́ pé Àǹtí ló ṣì í ńkọ́? Arúgbó ni. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá lọ́hùn-ún, ó pè mí ní orúkọ ìyá mi."

Ohun tí Rolande fúnra rẹ̀ ń rò lálaalẹ́ nìyẹn. Ó gbé èèkàn tó kàn, ó gbé òòlù sókè, ó gbá a. Èèkàn wọlẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Igi dún lórí igi.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

Wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí ẹrọ̀fọ̀ fi dé èjìká wọn, Rolande sì di nǹkan kan mú nísàlẹ̀, ó fà á. Ìdí èèkàn àtijọ́ ni, dúdú bí èédú, yìnyín ti ṣẹ́ orí rẹ̀ kúrò. Ó fi omi ṣàn án. Ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ tó wọlẹ̀ ni ó wò. Gbogbo ènìyàn ní Anse-Bérard ń gbẹ́ ẹnu èèkàn lójú mẹ́ta, torí ó yá. Elzéar nìkan ló ń gbẹ́ tirẹ̀ lójú mẹ́rin. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò.

Rolande fi àtàǹpàkò kan ojú kìn-ín-ní. Ó kan èkejì, ó kan ẹ̀kẹta. Ó kan ẹ̀kẹrin.

"Ó tó," ni Gisèle wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Fún mi ní òòlù yẹn."

Wọ́n parí ní ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n ta àwọ̀n, wọ́n gbé ìgèrè sí òpin. Omi kún, omi fà. Ẹja mẹ́ta. Omi tún kún, ó tún fà. Méjì, àti koríko. Fernand ń kọjá ní òwúrọ̀, ó ń súfèé, kò sì sọ nǹkan kan, ìyẹn burú ju yẹ̀yẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n parí, atẹ́gùn yí. Ó wá láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn, èyí tí a mọ̀ dáadáa, tó ń gbá òjò mọ́ ògiri. Àwọn òkè òdìkejì Odò pòórá. Omi ru gùdù, ó pọ́n bí omi tíì. Òjò náà rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Rolande ò sùn dáadáa, ṣùgbọ́n kò lọ wò ó, nítorí kò sí ohun tí wíwò lè ṣe.

Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Òun àti Gisèle gun katakata tí Lévesque yá wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Àgbá kan ṣoṣo ni wọ́n gbé dání. Gisèle ti fẹ́ gbé méjì, Rolande ní kó fi ìkejì sílẹ̀. Ojú ń tì í láti gbé àgbá òfo padà gba àárín abúlé kọjá. Gérald Lizotte ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Fadá náà ń bọ̀, ó ká sòkòtò rẹ̀ sókè, ó wọ bàtà ẹlòmíràn.

Kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ìgèrè náà ń dún. Pákó rẹ̀ ń mì, omi ń ta jáde láàárín rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ń fọ aṣọ nínú rẹ̀.

Rolande ṣí ìdérí. Ẹja-ejò kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, dúdú lẹ́yìn, funfun níkùn, àwọn mìíràn nípọn bí apá àgbẹ̀. Kò sí àyè tí ọwọ́ lè wọ̀.

"Ìyá Olúwa o," ni Fadá wí, lẹ́yìn náà ló wá rántí ẹni tí òun jẹ́, ó sì ṣe àmì àgbélébùú.

Gisèle ti gbé àwọ̀n ọlọ́wọ́ gígùn, ó ń bù ú. Àgbá kún. Bí ẹni pé kò sí ohun tó kúrò nínú ìgèrè.

Gérald yọ fìlà rẹ̀. Ó wo inú àgbá, ó wo inú ìgèrè, ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Àgbá kan," ó wí. "Ẹjọ́ parí. Ibi Hudon ni, ti Hudon ló sì máa jẹ́." Lẹ́yìn náà ó yíjú padà. Fernand Chamberland dúró nídìí ọgbà tirẹ̀, àgbá òfo mẹ́rin wà lórí katakata rẹ̀. Bóyá ẹja ọgbọ̀n ló rí lówùúrọ̀ yẹn.

"Fernand!" ni Gérald pè. "Omi á padà dé láìpẹ́. Gbé àwọn àgbá yẹn wá síbí!"

Fernand wo àwọn àgbá òfo rẹ̀. Gbogbo wa ló ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó gun katakata rẹ̀, ó wà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ó sọ àgbá kìn-ín-ní kalẹ̀ níwájú Rolande.

"Ogún ọdún," ó wí, ó ń wo ìgèrè. "Ogún ọdún ni wọ́n fi ń wá sọ́dọ̀ mi."

"O sì gbà wọ́n lálejò dáadáa," ni Rolande wí. "Di ẹnu àgbá yẹn mú. Má jẹ́ kí ọ̀kan bọ́."

Fernand di ẹnu àgbá mú. Rolande bù ú sínú rẹ̀, ìkejì kún, ìkẹta kún, ìkẹrin kún dé àárín. Òjò ti dá. Òkè òdìkejì Odò ti yọ padà, àwọn ẹyẹ omi funfun ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀rún sórí koríko etídò. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, ó ti kan bàtà Fadá.

"Rolande, ó tó, jẹ́ ká máa lọ!" ni Gisèle kígbe.

Rolande kò gbọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó ki àwọ̀n bọ inú ìgèrè títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín kíkankíkan, ó sì tún bù ú.